Orí Kejì tí kò tán: bá a ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ fònídónìí-fọ̀ladọ́la

Àwa mẹ́ta la jọ ń sọ̀rọ̀ níbí, ẹnì kan lápá kan. Ẹ wo akẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́dún ìparí tí Orí Kejì prójẹ́ẹ̀tì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti fọṣọ, ó ti gbálẹ̀, ó ti to ìwé orí tábìlì. Ta ló lè pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́lẹ? Ọ̀lẹ kì í fọṣọ. Ìnira tó ń bá a bó bá ti rántí iṣẹ́ náà ló ń sá fún: pé kò ní dáa tó, pé súpáfáísọ̀ á fi báírò pupa kọ̀rọ̀ sí i látòkè délẹ̀. Lọ́dún 2013, Fuschia Sirois àti Timothy Pychyl, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìtura ojú ẹsẹ̀ lẹni tó ń sún iṣẹ́ síwájú ń wá, ó wá ń gbé gbèsè rẹ̀ dé ọ̀la. Ìdí nìyẹn tí èébú kì í fi í ṣe oògùn rẹ̀. Ẹ bú u, ìnira yẹn á le sí i, òun náà á túbọ̀ sá.

Iṣẹ́ ni kẹ́ ẹ gé kéékèèké. "Kọ Orí Kejì" kì í ṣe iṣẹ́ kan, ẹrù iṣẹ́ ni. "Ka ojú ìwé méjì nínú àpilẹ̀kọ yìí, kọ gbólóhùn mẹ́ta nípa rẹ̀": iṣẹ́ nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá ka ohun tẹ́ ẹ kọ sílẹ̀, tí ọwọ́ yín kò sì mọ ohun tó máa kọ́kọ́ dì mú, ó ṣì tóbi jù, ẹ tún un gé. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lẹ́yìn náà, ẹ so ó mọ́ nǹkan. "Màá kọ̀wé lálẹ́" kò dì mọ́ ibì kankan. "Bí mo bá ti fọ abọ́ alẹ́ tán, màá jókòó, màá ṣí fáìlì Orí Kejì" ló ń gbéni dìde. Peter Gollwitzer, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá ọmọ Jámánì, ló ṣiṣẹ́ lórí irú ìpinnu yìí. Ibi tó ti ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ tiwa ni pé iná la máa ń so ó mọ́: "bí wọ́n bá ti múná wá." Ìgbà wo nìyẹn? Oúnjẹ, ìrun alẹ́, abọ́ fífọ̀, ohun tí kì í yẹ̀ ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ sì ti tẹ àpilẹ̀kọ náà sórí bébà kí iná tó lọ.

* * *

Òótọ́ lẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ àtijókòó kò le tó àtidúró síbẹ̀. Francesco Cirillo, ará Ítálì, ló gbé ọ̀nà Pomodoro, ìyẹn fífi aago pín iṣẹ́ àti ìsinmi, kalẹ̀ lápá ìparí àwọn ọdún 1980. Aago ìdáná tó rí bíi tòmátì ló fi bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú 25, ìsinmi fún ìṣẹ́jú 5. Lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀mẹrin, ìsinmi 15 sí 30.

Fóònù ló ń bà á jẹ́. Ẹ fi fóònù ṣe aago, ẹ yọjú sí WhatsApp nígbà ìsinmi, ìṣẹ́jú 5 á di 40. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ lo aago tábìlì, kí fóònù wà ní yàrá míì. Dída ojú ẹ̀ délẹ̀ kò tó. Nígbà ìsinmi, ẹ dìde, ẹ mumi. Bí 25 bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ fi 10 bẹ̀rẹ̀. Bí kíkọ bá sì ń ṣàn, ẹ má torí aago dá a dúró, ẹ mú un dé 50. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ dìde, ẹ kọ gbólóhùn tó kàn sórí àjákù bébà, kẹ́ ẹ lè ríbi bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

* * *

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ n fi ti ọjọ́ kún un. Ọjọ́ 21 tí wọ́n ń pariwo pé àṣà fi ń mọ́ni lára kò rí bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí Phillippa Lally àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní University College London, tó jáde ní 2010, ọjọ́ 66 ló bọ́ sí àárín: ìdajì àwọn èèyàn kò lò tó bẹ́ẹ̀, ìdajì lò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìṣirò wọn fi hàn pé ẹlòmíì á lo 18, ẹlòmíì 254. Ọjọ́ kan ṣoṣo tí èèyàn fò kò ba nǹkan jẹ́. Nítorí náà, bẹ́ ẹ bá fo àná, ẹ má sanwó ìtanràn lónìí pẹ̀lú iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Ìdajì ni kẹ́ ẹ ṣe.

Bẹ́ ẹ bá rò pé Orí Kejì máa gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kọ márùn-ún sílẹ̀. Ní 1994, àwọn olùwádìí mẹ́ta, Buehler, Griffin àti Ross, bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè ìgbà tí iṣẹ́ ìwádìí ìparí wọn máa tán: wọ́n ní bí ọjọ́ 34, ó gbà wọ́n tó 55. Kẹ́ ẹ sì bá súpáfáísọ̀ ṣàdéhùn ojú ìwé méjì ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, yálà ó jọ ìwé tàbí kò jọ ìwé.