Ẹ gbà mí o: ká há gírámà sórí ni àbí ká kàn máa sọ èdè náà?

Akẹ́kọ̀ọ́Jámánì: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́. Èdè Jámánì ni mò ń kọ́ àmọ́ tíṣà wa ò jẹ́ ká lanu sọ ọ́ rárá, ká ṣáà máa ka der, den, dem, des (oríṣi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pe "the" ti Gẹ̀ẹ́sì ní Jámánì), ká tún máa tú gbólóhùn inú ìwé. Ọ̀rẹ́ mi tó ń fi áàpù kọ́ tiẹ̀ lórí fóònù ti ń bá wọn tàkúrọ̀sọ. Ṣé ọ̀nà àtijọ́ ni tíṣà wa ń lò ni àbí èmi ni mi ò ní sùúrù?

TíṣàÈdè: Àtijọ́ ni jàre. Látinì àti Gíríkì àtijọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ bẹ́ẹ̀, kéèyàn ṣáà lè ka ìwé, nígbà tí skúù ní Prussia, nílẹ̀ Jámánì ayé àtijọ́, wá ń kọ́ ọmọ ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, ọgbọ́n yẹn náà ni wọ́n gbé lé wọn lórí. Ọmọ Jámánì gan-an, Wilhelm Viëtor, ló pariwo ní 1882 pé ó tó gẹ́ẹ́, ọ̀rọ̀ ẹnu ni kó ṣáájú. Tíṣà èdè kan, Berlitz, tiẹ̀ ti da skúù sílẹ̀ ní Providence l'Amẹ́ríkà ní 1878, tíṣà ibẹ̀ kì í sọ èdè rẹ rárá, á gbé pẹ́ńsù sókè, á dárúkọ ẹ̀, á bi ọ́ pé kí lèyí, o ò lè dákẹ́.

Ẹnu-Dùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fo àwọn ṣọ́jà o! Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì Amẹ́ríkà ń wá ṣọ́jà tó gbọ́ èdè kíákíá, 1943 ni ètò ẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ ni dírìlì, ìyẹn kí wọ́n máa tún gbólóhùn sọ léraléra, ti wá gbilẹ̀ wọ skúù. Tíṣà á ní "mo ra ìwé", gbogbo kíláàsì á gbè é, á ní "bàtà", wọ́n á ní "mo ra bàtà", á ní "lánàá", wọ́n á ní "mo ra bàtà lánàá". O lè ṣe é débi tó parí kó o má mọ nǹkan tó o rà 😂. Wọ́n gbà pé bárakú lèdè, àfi ìgbà tí Chomsky, onímọ̀ èdè ọmọ Amẹ́ríkà, já a ní koro ní 1959 pé ojoojúmọ́ lèèyàn ń sọ gbólóhùn tí ò gbọ́ lẹ́nu ẹnì kankan rí.

TíṣàÈdè: Òótọ́, mo fò ó. Lẹ́yìn ìyẹn ni onímọ̀ èdè míì, Dell Hymes, ní kéèyàn mọ gírámà ò tó, ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tó yẹ kó sọ àti ẹni tó yẹ kó sọ ọ́ fún. A1 dé C2 tí ẹ ń rí lórí ìwé, ìyẹn ìpele látorí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè dórí ọ̀gá, tí Yúróòpù gbé jáde ní 2001, ohun tó o lè fi èdè ṣe ló ń wọ̀n. Áàpù wá ńkọ́? Lọ wo Duolingo dáadáa, tú gbólóhùn yìí, tú tọ̀hún, iṣẹ́ tíṣà yín náà ni!

Akẹ́kọ̀ọ́Jámánì: Haa, a jẹ́ pé kì í ṣe áàpù ló ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi yìí kì í tijú, gbogbo ẹni tó bá ti rí ló ń bá sọ ọ́.

Ẹnu-Dùn: Ìyẹn gan-an. Ìwọ náà wá ẹni tí wàá máa bá sọ ọ́, àmọ́ má ju den àti dem nù o, wàá nílò wọn tó o bá fẹ́ kọ lẹ́tà.