Camry Muscle mi kò dúró sójú kan ní drag strip, ẹ gbà mí o

Muscle_Òṣogbo:
Ẹ̀yin èèyàn mi ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Maryland ni mo ń gbé, Camry 2007 V6 ni mò ń wà, èyí tá a máa ń pè ní Muscle nílé, kò sí nǹkan kan tí mo fi kún un, bó ṣe wá láti kọ́ńpìnnì ló ṣì wà. Láti ìgbà tí ooru ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń gbé e lọ sí Maryland International Raceway ní Mechanicsville, ìyẹn drag strip, títì gbọọrọ tí mọ́tò méjì ti ń sáré du ara wọn, kótà máìlì. Ìyàwó mi ní orí mi ti yí, pé mọ́tò tí mo fi ń gbé ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wá ń fi bá Mustang du títì. Ẹ má dá a lóhùn.

Wàhálà ibẹ̀ nìyí. Sátidé tó kọjá mo bọ́ sínú bracket fún ìgbà àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ìwọ fúnra ẹ lo máa kọ iye tó o rò pé mọ́tò ẹ máa sá sára gíláàsì, ìyẹn dial-in, ẹni tí tiẹ̀ bá lọ́ra ni wọ́n á kọ́kọ́ tú sílẹ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé òpin ló jẹ, àmọ́ tó o bá yára ju iye tó o kọ lọ, o ti breakout nìyẹn, ilé yá. Mo dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta, 14.61, 14.83, 14.92. Mo ní ká pín in sáàárín, mo fi pólíìṣì bàtà funfun kọ 14.75. Ìgbà tí wọ́n máa fi pè wá, aago mẹ́wàá alẹ́ ti lù, ni mọ́tò tó ti ń ṣe bí ẹni tí ò jẹun láti ìrọ̀lẹ́ bá sá 14.44! Breakout. Ìdíje àkọ́kọ́, mo ti ń kó ẹrù.

Mo rò pé ẹsẹ̀ mi ló ń pẹ́ kí n tó tẹ iná tí gíríìnì bá tàn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra intake (páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìn) kí n sì lọ ṣe tune (kí wọ́n tún kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìn tò), pé $600 máa tó o. Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?

Bọ̀dá_Sílíìpù:
Àbúrò, kọ́kọ́ dá $600 padà sápò ná.

Ẹsẹ̀ ẹ kọ́. Aago ET, ìyẹn àkókò tí mọ́tò fi sá láti ìlà dé òpin, kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà tí iná bá tàn, ìgbà tí táyà iwájú ẹ bá kúrò lójú beam (ìtànṣán iná tó dábùú ìlà) ló ń bẹ̀rẹ̀. Tó bá wù ẹ́ kó o sùn síbẹ̀ fún sẹ́kọ́ǹdì márùn-ún lẹ́yìn tí gíríìnì tàn, ET ẹ ò ní yí padà, ẹni tẹ́ ẹ jọ ń sá ló kàn máa ti dé ibi tó ń lọ. Reaction time, ìyẹn bó o ṣe tètè gbéra tó tí gíríìnì bá tàn, lọ́tọ̀, ET lọ́tọ̀, orí sílíìpù kan náà, ìwé kékeré tí wọ́n ń fún ẹ tó o bá sá tán, ni wọ́n kàn jọ wà.

Sílíìpù yẹn gan-an ni mo fẹ́ rí. 60-foot ẹ, àkókò tó o fi sá ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́, ńkọ́?

Muscle_Òṣogbo:
Há, ẹ ṣé gan-an ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ ìyẹn rí. Wọ́n ṣì wà nínú mọ́tò. 14.61, 60-foot ẹ̀ 2.21. 14.83 yẹn 2.34, 14.92 yẹn 2.38, tó breakout yẹn 2.12. Mẹ́ta àkọ́kọ́, bí mo ṣe ń parí ọ̀kan ni mò ń padà sórí ìlà, mi ò pa ẹ́ńjìn rárá, AC ń ṣiṣẹ́ torí ooru ti pọ̀ jù. Lẹ́yìn ẹ̀ mo lọ jẹun, mo lò tó wákàtí méjì. Omi tí wọ́n dà sílẹ̀ níwájú yẹn, mo máa ń wọ inú ẹ̀ fi táyà jó bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe.

Ọmọ_Ìjẹ̀bú_PG:
AC lórí ìlà drag 😂😂 ẹ bá mi bi í bóyá ó gbé fìlà dání

Bọ̀dá_Sílíìpù:
Má dá a lóhùn, èmi náà ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó ti jẹ́wọ́ fúnra ẹ̀. Mú báírò. Yọ 60-foot kúrò nínú ET kọ̀ọ̀kan: 12.40, 12.49, 12.54, tó breakout yẹn 12.32. Láti 14.92 sí 14.44 jẹ́ 0.48. 0.26 nínú ẹ̀ ti lọ ní ẹsẹ̀ bàtà 60 àkọ́kọ́, táyà tó ń yí lófo nìyẹn. 0.22 tó kù, ooru ni. Wo bó ṣe ń gùn sí i, 12.40, 12.49, 12.54, ẹ́ńjìn ń gbóná sí i, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló ń fà sínú, kọ̀ǹpútà ẹ̀ náà á máa fa timing (ìgbà tí plug ń ṣáná) sẹ́yìn kó má baà knock (kí epo má baà gbiná fúnra ẹ̀). Lo wá fún un ní wákàtí méjì nínú atẹ́gùn alẹ́, ara ẹ̀ bá yá.

Ọ̀rọ̀ táyà. Omi yẹn kò sí fún ẹ. Àwọn tí táyà wọn dán bọ̀rọ́ ló ni ín, tìẹ ní ojú, ó máa gbé omi dé ibi tó o ti fẹ́ gbéra. Gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá, yí i díẹ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ kí iyanrìn lè kúrò lára ẹ̀, ó ti tó. Mọ́tò tó ń fi ẹsẹ̀ iwájú fà ni Camry, tó bá gbéra, ìwúwo ń sá lọ sẹ́yìn, iwájú á fúyẹ́, ibẹ̀ ló ti ń yọ̀. Èmi tí mo bá gbé V6 Accord mi lọ, iwájú 30 psi, ẹ̀yìn 40, mi ò sì ń kọjá iye tí wọ́n kọ sára táyà. Ra géèjì tìẹ, kó o sì wọ̀n ọ́n kó o tó sá ọ̀kọ̀ọ̀kan o, kì í ṣe láàárọ̀ nìkan, torí táyà tó gbóná máa wú. Tó o bá ń lọ sílé dá a padà sí iye tó yẹ.

Má tẹ iná mọ́ bíréèkì. Gbéra láti orí idle, ìyẹn láìtíì tẹ iná rárá, tẹ̀ ẹ́ wọlé bákan náà ní gbogbo ìgbà, fi gíà sílẹ̀ sí D kó máa pààrọ̀ fúnra ẹ̀. O lè pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sẹ́kọ́ǹdì, jẹ́ kó lọ, kò sẹ́ni tó ń fún èèyàn lówó torí 14.4 nínú bracket.

Tó o bá sá tán, pa ẹ́ńjìn, ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí wọ́n máa ti mọ́tò tí ìlà bá ń lọ díẹ̀díẹ̀. Ra skánà OBD kékeré tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀. Á máa fi hàn ẹ́ bí omi ẹ́ńjìn ṣe gbóná tó, bó bá sì ṣe gbóná tó ní ìgbà àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kó gbóná tó ní ìgbà kẹrin. Èmi 185 Fahrenheit ni mò ń dúró dè.

Epo náà, gálọ́ọ̀nù kan tó pọ́n-ùn mẹ́fà, pọ́n-ùn ọgọ́rùn-ún sì máa ń jẹ nǹkan bí 0.1 sẹ́kọ́ǹdì, nítorí náà ìlàjì táńkì ni kó o máa fi lọ, kó o sì yọ àga ọmọ yẹn sílẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Northants:
Ẹ kú ìjókòó o. Èmi àti ọkọ mi máa ń lọ Santa Pod, drag strip tó wà níbí ní England, fún Run What You Brung, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbé mọ́tò ẹ̀ wá sá, ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ni mo bá wá. Bọ̀dá ti sọ ti ẹ́ńjìn, àmọ́ alẹ́ yẹn fúnra ẹ̀ náà dá kún un. Tí ilẹ̀ bá ṣú, afẹ́fẹ́ máa ń tutù, á ki, ẹ́ńjìn á rí nǹkan mí, ìdí nìyẹn tí dial-in aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kò fi ṣeé lò ní aago mẹ́wàá. Ẹ ra ìwé kékeré, ẹ kọ wákàtí, temperature, humidity, pressure àti ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ sílíìpù kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi ní gbogbo ẹ̀ wà lórí òun, ìwé mi ló sì máa ń wá yá tó bá fẹ́ kọ dial-in.

Mẹkáníìkì_Abẹ́òkúta:
Ẹ̀gbọ́n Muscle, ẹ́ńjìn V6 Camry yín yẹn, 2GR, mo mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ń wọlé síbí lójoojúmọ́. Kẹ́ ẹ tó máa kọ nǹkan sínú ìwé, ẹ fọ MAF sensor (èyí tó ń wọn afẹ́fẹ́ tó ń wọ ẹ́ńjìn), ẹ pààrọ̀ air filter, ẹ wo plug, ẹ wo engine mount (ohun tó di ẹ́ńjìn mú) níwájú, tó bá ti já, ẹ́ńjìn á máa fò nígbà tẹ́ ẹ bá gbéra, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa rí 60-foot méjì tó jọra. Kẹ́ ẹ sì dọ̀bálẹ̀ wo páìpù ọ́ìlì VVT-i, èyí tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbi tó ń ṣàkóso váàfù ẹ́ńjìn. Èyí tó wà lára ti 2007 ní rọ́bà láàárín, tí rọ́bà yẹn bá bẹ́ gbogbo ọ́ìlì á dà síta kẹ́ ẹ tó mọ̀. Onírin látòkè délẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀.

Muscle_Òṣogbo:
Ẹ kú àdúrótì o, mo ti padà dé. Engine mount iwájú ti já lóòótọ́, páìpù yẹn rọ́bà ni, mo ti pààrọ̀ méjèèjì. AC pa, àga ọmọ wà nílé, géèjì wà lápò. Ìdánwò: 14.62 (2.20), 14.58 (2.18). Mo kọ 14.58. Ìdíje àkọ́kọ́ mo bá Mustang kan tó kọ 12.08, wọ́n tú mi sílẹ̀ ní sẹ́kọ́ǹdì méjì ààbọ̀ ṣáájú ẹ̀, mo ń wò ó nínú dígí bó ṣe ń bọ̀ bí ìjì, mo sá 14.60 (2.19), òun breakout! Mo pariwo nínú mọ́tò bí ẹni jẹ lọ́tìrì.

Ìdíje kejì, iná pupa, mo gbéra kí gíríìnì tó tàn, ilé yá. Reaction -0.021, ET 14.67, 60-foot 2.26. Ṣé táyà ló tún yọ̀ ni?

Bọ̀dá_Sílíìpù:
Kú oríire! Tún yọ 60-foot kúrò nínú ET kó o wò ó: 12.42, 12.40, 12.41, 12.41. Mọ́tò ẹ ò ní ẹ̀bi kankan mọ́. O ti sún jù lójú ìlà ni. Iná kékeré méjì ló ń sọ pé táyà ti dé ìlà. Tí iná kejì bá ti tàn, tó o tún wá jẹ́ kí táyà yí wọlé díẹ̀ sí i, kò ní pẹ́ tó á fi jáde lójú beam, reaction á yá, á sì di pupa, ET náà á gùn torí kò rí ilẹ̀ sún kí aago tó bẹ̀rẹ̀. Inú ẹ ló dùn jù lẹ́yìn Mustang yẹn, àbí?

Muscle_Òṣogbo:
Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n lórí bíréèkì, mi ò lè purọ́.

Bọ̀dá_Sílíìpù:
Tí iná kejì bá ṣẹ́jú báyìí, dúró síbẹ̀. Bíréèkì mọ́lẹ̀. Sátidé wo lo tún ń lọ?