Ìwé oògùn ọmọ mi ṣì wà nínú Bíbélì

Ìyá kan, Kàbà:
Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 8, kì í lè jókòó pẹ́. Ó máa ń jẹ ọrùn aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ títí yóò fi rin gbingbin, bí inú bá sì bí i, yóò lu àbúrò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa sunkún pé òun kò mọ ohun tó ṣe òun. Dókítà ní Lọ́kọ́ja sọ pé ADHD ni, ìyẹn ìṣòro tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè pọkàn pọ̀ tàbí kó jókòó jẹ́ẹ́, ó sì kọ oògùn rẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní methylphenidate fún un. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti fi ìwé náà sínú Bíbélì, torí ìyá ọkọ mi ní oògùn wèrè ni. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Ìsánlú:
Ẹ kú ìfaradà, ìyá wa. Ọmọ tèmi ti lò ó fún ọdún méjì. Irú èyí tí wọ́n fún wa kì í ju bíi wákàtí 4 lọ lára, kò sì sọ ọmọ mi di ẹlòmíràn. Oúnjẹ ọ̀sán ló dà wá láàmú, kò fẹ́ fọwọ́ kàn án, mo wá ń rí i pé ó yó dáadáa kó tó lo oògùn láàárọ̀, a sì ń wọn ọmọ déédéé.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, Ẹ̀gbẹ̀:
Ọmọ mi, ẹ béèrè bóyá wọ́n ti yẹ etí rẹ̀ wò, nítorí ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ ohùn dáadáa ni a sábà máa ń pè ní olórí kunkun. Ẹ sọ fún dókítà bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí bá ní àrùn ọkàn, tàbí bí ọmọ náà bá ti dákú rí. Láti 1955 ni wọ́n ti fọwọ́ sí oògùn yìí ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe ohun àjèjì. Ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè kọ́ ọmọ bí a ṣe ń kó ara ẹni níjàánu, iṣẹ́ òbí àti olùkọ́ nìyẹn. Ẹ má ṣe fúnra yín fi kún ìwọ̀n oògùn náà.

Bàbá kan, Mópà:
Àwa kò lo oògùn. Olùkọ́ gbé ọmọ wa jókòó sí iwájú, ó ń rán an níṣẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì ṣe é láǹfààní púpọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ wa kì í lu ẹnikẹ́ni. Ká ní ó ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní fi ìwé pamọ́.

Ìyá kan, Kàbà:
Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Lọ́jọ́ Ajé ni a ó lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Mo ti bẹ ìyá ọkọ mi pé kó bá wa lọ, kó lè fi ẹnu ara rẹ̀ bi dókítà.