Òtútù nínú hámọ́ọ̀kì

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi ní Scotland fẹ́ lọ sùn nínú igbó ní January, hámọ́ọ̀kì, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì aláṣọ tí wọ́n ń so kọ́ sáàárín igi méjì, ló fẹ́ sùn sí, ó ní bùláńkẹ́ẹ̀tì méjì ti tó, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Bọ̀dá Bódìjà: Kò tó o! Ọyẹ́ Ìbàdàn kọ́ nìyẹn. Abẹ́ lòtútù ti ń wọlé, torí bùláńkẹ́ẹ̀tì tó bá fẹ̀yìn tẹ̀ ti pẹlẹbẹ nìyẹn, kò lè mú ooru dúró mọ́. Kó tẹ́ fóòmù sábẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Kó ta tapólì sókè nítorí òjò, kó so okùn tín-ín-rín mọ́ okùn hámọ́ọ̀kì lábẹ́ tapólì náà, omi tó ń ṣàn bọ̀ lára okùn á kán sílẹ̀ níbẹ̀, kò ní dé ibi tó sùn sí. Kó má wọ aṣọ òwú sùn o, tó bá ti rin kì í tètè gbẹ, aṣọ wúùlù, ìyẹn onírun àgùntàn, ni kó wọ̀.

Ọmọ Mọ́kọ́lá: Ẹ ṣé gan-an mà, mo ń pè é báyìí.