Èsì sí “ìkùnà ọkàn”: ẹ jẹ́ kí a pe àìsàn yìí bí ó ṣe rí

Ẹ̀yin àgbà èdè, mo kí yín o.

Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ ìtọ́jú aláìsàn tí alàgbà wa fi ránṣẹ́, “ìkùnà ọkàn” ni wọ́n pe àìsàn tí kì í jẹ́ kí ọkàn lè ti ẹ̀jẹ̀ tó ara nílò jáde, wọ́n sì pe àìrìn ẹ̀jẹ̀ dáadáa ní “àìtó ẹ̀jẹ̀”. Èkejì ló bí mi nínú jù. Ta ni kò mọ̀ pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó ni à ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ fún? Ẹ̀jẹ̀ lè pé lára ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kì í dé ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ló há. Ẹsẹ̀ tútù àti egbò tí kò jiná ni nọ́ọ̀sì ń ṣọ́ lára rẹ̀, ó sì ń kìlọ̀ pé kí wọ́n má fi ìgò omi gbígbóná tì í lẹ́sẹ̀, nítorí ó lè jó o kó má mọ̀ ọ́n lára.

Ẹlòmíràn dábàá “àìṣàn ẹ̀jẹ̀”. Ó dùn létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbàgbé àmì abẹ́ ṣ ti sọ ọ́ di àìsàn ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, a sì mọ bí a ṣe ń tẹ Yorùbá lórí fóònù. “Ẹ̀jẹ̀ kì í dé ẹsẹ̀ dáadáa” tó mi.

Ẹ wá wo “kùnà”. Bí a bá sọ ọ́ fún ẹbí aláìsàn, ẹkún ni wọn yóò bú sí, wọn á rò pé ọkàn ti dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ó ṣì ń ṣiṣẹ́. “Àárẹ̀ ọkàn” kò sàn jù ú lọ, torí ìrẹ̀wẹ̀sì nìyẹn lẹ́nu wa. Pásítọ̀ ni wọn yóò lọ pè.

Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ìwádìí kan ní Abẹ́òkúta fi hàn pé òun ló ń fa àìsàn ọkàn yìí jù níbẹ̀, a máa mú kí ọkàn fi ipá ṣiṣẹ́ fún ọdún gbọọrọ, títí apá rẹ̀ kò fi ní ká a mọ́. “Ká” yìí ni mo dúró lé: àìkájú-iṣẹ́ ọkàn. Ó gùn, ṣùgbọ́n ó ń sọ ohun tí a óò ṣe, pé kí a dín iṣẹ́ ọkàn kù: kí iyọ̀ dín kù, kí wọ́n má fo oògùn tó ń mú ni tọ̀, kí irọ̀rí ga lẹ́yìn aláìsàn lóru kó má baà máa mí gúlegúle. Láràárọ̀, lẹ́yìn tó bá tọ̀, kó tó jẹun, kó gun òṣùwọ̀n. Bó bá fi kílò 2 wúwo sí i láàárín ọjọ́ 3, omi ló sábà máa ń jẹ́, kì í ṣe sísanra, kí wọ́n tètè sọ fún dókítà.

Àwọn ìyá wa kò ní orúkọ gígùn kankan fún un. Wọ́n á fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun, ibẹ̀ á jìn, kò ní tètè kún, wọ́n á ní: “Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, kò sì lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn.” Ọ̀pọ̀ ohun tí dókítà ń béèrè ló wà nínú gbólóhùn yẹn.

Ní ti “olùtọ́jú aláìsàn” tí alàgbà fẹ́ fi rọ́pò “nọ́ọ̀sì”, mi ò gbà. Ìyàwó tó ń tọ́jú ọkọ rẹ̀ nílé kì í ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹni tó bá fẹ́ fa ìyẹn gùn, kó kọ́kọ́ dá mi lóhùn lórí “ká”.