Lúùpù oníbàbà tàbí oníhọ́mọ̀nù: sọ bí nǹkan oṣù rẹ ṣe rí kí o tó yàn

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ilé o. Nọ́ọ̀sì ní kí n mú ọ̀kan nínú lúùpù méjì tí wọ́n fi ń fètò sọ́mọ bíbí, ìwé tó fún mi kò sì yé mi tó. Ṣé òótọ́ ni pé ó ń ṣẹ́ oyún?

— Àbúrò mi, kì í ṣẹ́ oyún o. Kì í jẹ́ kí àtọ̀ bá ẹyin pàdé ni. Ike kékeré bíi lẹ́tà T ni méjèèjì, inú ilé ọmọ ni wọ́n ń fi í sí. Wáyà bàbà ni wọ́n wé mọ́ ọ̀kan, bàbà yẹn ló ń ba àtọ̀ jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá fi í sí náà ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì lè lo ọdún 10. Èkejì ń tú họ́mọ̀nù, ìyẹn èròjà tó ń darí iṣẹ́ ara, sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, omi ẹnu ilé ọmọ á wá ki, àtọ̀ kò ní rí ọ̀nà gbà. Bí wọn kò bá fi í sí láàárín ọjọ́ 7 tí nǹkan oṣù bẹ̀rẹ̀, lo kọ́ńdọ̀mù fún ọjọ́ 7. Nínú obìnrin 100 tó lo èyíkéyìí fún ọdún kan, kò tó ẹyọ kan tó ń lóyún.

Ohun tó ká mi lára jù rèé. Nǹkan oṣù mi ti ń pọ̀ tẹ́lẹ̀, oníbàbà ni wọ́n fi sí mi. Wọn ò bi mí, èmi náà ò sọ. Oníbàbà sì máa ń mú kó pọ̀ sí i. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń di àtẹ̀gùn mú kí òòyì má gbé mi ṣubú, kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ ara mi ti dín kù. Wọ́n fi oníhọ́mọ̀nù rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń kán ségesège lóṣù díẹ̀ àkọ́kọ́, nísinsìnyí ó lè máà wá rárá. Torí náà, sọ bí nǹkan oṣù rẹ ṣe rí fún nọ́ọ̀sì; bí èdè wọn kò bá yé ọ, ní kí wọ́n wá ògbufọ̀.

Ṣé ó dunni, ẹ̀gbọ́n?

— Ó dùn mí bí inú rírun tó le, fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Béèrè oògùn ìparora kí wọ́n tó fọwọ́ kàn ọ́. Tó bá yá, máa fi ìka wá òwú tín-ín-rín tó so mọ́ lúùpù náà nínú ojú ara lẹ́yìn nǹkan oṣù. Bí o kò bá rí i, tàbí ike líle lo kàn, padà sọ́dọ̀ wọn, kí o sì lo kọ́ńdọ̀mù títí dìgbà náà. Lúùpù kò dènà HIV o. Bí ibà àti inú rírun bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́, má jókòó sílé. Bí àyẹ̀wò bá sì ní o lóyún, lọ lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí oyún lè ti dúró síta ilé ọmọ.