"Máàpù ilẹ̀" kọ́, máàpù erùpẹ̀ ni

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú àròjinlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ọ̀yọ́ ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Wọ́n ní kí a máa pe iṣẹ́ táwọn onímọ̀ ọ̀gbìn ń ṣe lórí pápá tí màlúù ti ń jẹ ní "àwòrán ilẹ̀ ibùjẹ ẹran olówó pọ́ọ́kú". Iṣẹ́ ọ̀hún ni pé kí a mọ irú erùpẹ̀ tó wà ní igun kọ̀ọ̀kan pápá, kí a yà á sórí ìwé, kí ẹlẹ́ran lè mọ ibi tí koríko yóò ti dáa, ibi tó yẹ kó fi sílẹ̀ kó sinmi, àti ibi tí ajílẹ̀ yóò ti wúlò. Mo kí ẹ̀gbọ́n fún akitiyan wọn, àmọ́ orúkọ náà kò tíì jinná.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Ẹni tó bá ti wọ ṣọ́ọ̀ṣì rí nígbà Kérésìmesì mọ̀ pé inú ibùjẹ ẹran ni wọ́n tẹ́ Jésù sí. Ohun tí a ń da oúnjẹ ẹran sí ni. Màlúù ọgọ́rùn-ún kò lè máa rìn kiri nínú rẹ̀. "Pápá ìjẹko" ti wà ńlẹ̀, ẹ jẹ́ ká mú un lò. "Àwòrán" náà, fọ́tò ni yóò kọ́kọ́ sọ sí ẹni tó bá gbọ́ ọ lọ́kàn. Máàpù làwọn ọmọ wa ń pè é nílé ìwé, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìtumọ̀ rẹ̀ mọ́.

"Ilẹ̀" gan-an ni ìjà wà. Lọ́dún tó kọjá, mo tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ kan lọ sí abúlé kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́nà Ìkòyí-Ilé. Èmi ni ògbufọ̀ wọn. Bí a ti kí baálẹ̀ tán, mo la ẹnu, mo ní, "Bàbá, a fẹ́ ya máàpù ilẹ̀ yín ni." Bàbá dìde dúró. "Ta ló tà á fún yín?" Kí n tó dáhùn, wọ́n ti ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ wọn lóko, wọ́n ní sọ́fíyọ̀ ti dé. Ìdajì ọjọ́ ni a fi ń bẹ̀bẹ̀. Nígbà tí a dé gáà, ibùdó àwọn Fúlàní darandaran, tó wà lókè odò, ẹ̀rù ibẹ̀ tún ju ti abúlé lọ: wọ́n rò pé máàpù náà ni wọn yóò fi lé àwọn lọ. Bàbá Fúlàní ibẹ̀, tó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ló wá là mí lójú. Ó ní nínú èdè tiwọn náà, "leydi" kan ṣoṣo ló dúró fún ilẹ̀ tí a jogún, fún erùpẹ̀ tí a ń tẹ̀, àti fún orílẹ̀-èdè. Òun náà kò mọ èyí tí mo ń wí.

Ẹ ò rí i pé ẹrù tó wà lórí "ilẹ̀" ti pọ̀ jù. Ilẹ̀ ń ṣú, ilẹ̀ ń mọ́, a ń jẹ́jẹ̀ẹ́ lórí ilẹ̀, a ń gbé ara wa lọ sí kóòtù nítorí ilẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀, tí mo bu ẹ̀kúnwọ́ kan, tí mo ní "erùpẹ̀ yìí la wá wò," ni ojú baálẹ̀ tó rọ̀. Àbúrò wa obìnrin kan ti kọ̀wé pé erùpẹ̀ ń rán òun létí itẹ́ òkú. Mo gbọ́. Àmọ́ erùpẹ̀ kan náà ni wọ́n ní Ọlọ́run fi mọ ènìyàn, nítorí náà ọ̀ràn ìyè náà wà nínú rẹ̀. Àwọn tó dábàá "iyẹ̀pẹ̀", n kò bá yín jà. Erùpẹ̀ ló kàn yá mi lẹ́nu jù.

Ó wá ku "olówó pọ́ọ́kú". Owó tí láàbù ń gbà láti yẹ erùpẹ̀ wò kò ṣe é fi pọ́ọ́kú júwe. Ohun tó mú iṣẹ́ náà rọrùn ni pé àwòrán láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì Sentinel-2 ti àwọn ará Yúróòpù, tó gòkè ní 2015, ọ̀fẹ́ ni. A óò fi í wo ibi tí koríko ti ń tutù pẹ́ àti ibi tó ń tètè gbẹ, a óò sì pín pápá sí ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, a ó bu erùpẹ̀ láti ojú ibi 15 sí 20, ní jíjìn sẹ̀ǹtímítà 15, a ó pò ó pọ̀ nínú ike kan, ẹ̀kúnwọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ni yóò lọ sí láàbù. Bí ìpín bá jẹ́ mẹ́ta, àpò mẹ́ta là ń sanwó fún, kì í ṣe ọgọ́ta. Ibi tí màlúù ń sùn àti ibi tí wọ́n ti ń mumi, ẹ má bù níbẹ̀ pọ̀ mọ́ ìyókù o! Ìgbẹ́ ti sọ ibẹ̀ di ọlọ́ràá, yóò parọ́ fún gbogbo pápá. (Àgbẹ̀ wa mọ èyí kí láàbù tó dé: ibi tí gáà bá ti ṣí kúrò ni wọ́n ń sáré gbin àgbàdo sí.) Nítorí náà, "tí apá mẹ̀kúnnù ká" ni mo fara mọ́. Ó ń náni lówó, apá kàn ká a ni.

Ẹnì kan bi mí pé ṣé Yorùbá lè ru irú ìmọ̀ yìí. Ní 1962, àwọn onímọ̀ erùpẹ̀ méjì, Smyth àti Montgomery, kọ̀wé lórí erùpẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, orúkọ ìlú wa ni wọ́n sì fi ń pe oríṣi erùpẹ̀: Ìwó, Apòmù, Ẹ̀gbẹ́dá. Erùpẹ̀ Ìwó wà lókè gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ti Apòmù, tó jẹ́ oníyanrìn tí òjò wọ́ wá, wà nísàlẹ̀. Àwọn ló wá yá a lọ́wọ́ wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tó ń dà mí láàmú. Kí ni ká pe ìgun mẹ́rin kéékèèké tí àwòrán sátẹ́láìtì pín sí? Ti Sentinel-2 tó kéré jù jẹ́ mítà 10 ní ìbú àti ní òró. Ti SoilGrids, máàpù erùpẹ̀ gbogbo ayé tó wà lọ́fẹ̀ẹ́, jẹ́ mítà 250. Yangí orí òkè àti àkùrọ̀ etí odò lè wà nínú ẹyọ kan. Bí àwọ̀n ti ní ojú, mo ń pè é ní "ojú": máàpù olójú wínníwínní, máàpù olójú gbàràmù. Bàbá Fúlàní yẹn gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Àwọ̀n tó lójú ńlá, ẹja kéékèèké á bọ́." Ẹni tó bá ní èyí tó sàn ju "ojú" lọ, kó jù ú sílẹ̀ ká yẹ̀ ẹ́ wò.